Ẹ̀yà Méje, Okùn Kan: Ìdáhùn sí Ẹni tó ń Ya Aṣọ Kánífà

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Èmi ni wọ́n gbé ètò aṣọ lé lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ kánífà wa lọ́dún yìí. Àwọn tó kọ́ ìlú wa ni ẹgbẹ́ mú ṣe àkòrí, ẹ̀yà méje ló sì wà nínú ìtàn náà, láti orí àwọn apẹja tó ni ilẹ̀ títí dé orí àwọn tí ọkọ̀ ojú omi kó dé. Mo ṣe ìwádìí dáadáa, mo ya aṣọ méje, ọ̀kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Alága wa wò wọ́n, ó ní wọ́n jọ àwòrán inú ìwé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn 60 ni yóò wọ aṣọ náà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í?”

Alága yín kò purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fi ẹnu rere sọ ọ́. Mo wo àwòrán méjèèje tí ẹ fi ránṣẹ́. Ìlà wọn mọ́, ìwádìí inú wọn sì jinlẹ̀. Ohun tó ṣe wọ́n ni pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan dá dúró sí àyè tirẹ̀, bí àlejò tó dé ibi ìgbéyàwó tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí a bá gé orúkọ ìlú yín kúrò lórí ìwé náà, a lè fi àwọn àwòrán yẹn ṣe ti ìlú mìíràn tí irú àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ń gbé, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí alága fi rántí ìwé àwọn ọmọdé, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé wọ̀nyẹn ṣe máa ń to ènìyàn: ọkùnrin kan, obìnrin kan, aṣọ ìbílẹ̀ lára wọn, orúkọ ẹ̀yà nísàlẹ̀.

Kí n tó mú pẹ́ńsù, ohun tí èmi máa ń wá ni ibi tí ọwọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ti kan ara wọn: ẹrù tí wọ́n jọ gbé, ọjà tí wọ́n jọ ná, iṣẹ́ tí ọ̀gá kan náà fi ń jẹ gbogbo wọn níyà, aṣọ tí ọ̀kan rí lára èkejì tó sì lọ rán irú rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn ni ìlú, òun sì ni kí ẹ rán.

Ẹ wo àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní baiana nínú ìtò àwọn ẹgbẹ́ samba, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ oníjó kánífà, ní Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Brazil. Dandan ni kí ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ wọn nínú ìdíje. Ara aṣọ tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Salvador ti ìpínlẹ̀ Bahia ń wọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tajà ní ìgboro ni a ti mú aṣọ baiana jáde. Bí a bá tú u palẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, léèsì àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ funfun tó wà lára bùbá rẹ̀ wá láti Pọ́túgà. Síkẹ́ẹ̀tì fẹ̀ǹfẹ̀ tí yẹ̀rì líle gbé dúró nísàlẹ̀ jẹ́ àṣà àwọn obìnrin Yúróòpù ìgbà náà. Láwàní orí àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn bá àwọn ará Áfíríkà wá. Aṣọ tí wọ́n sì ń gbé kọ́ èjìká, pano da costa ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn “aṣọ etíkun”, nítorí pé láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọkọ̀ ti ń kó o wá: aṣọ tí a hun ní ọ̀já tóóró, tí a wá rán ọ̀já mọ́ ọ̀já, irú èyí tí ojú Yorùbá kò lè ṣàì dá mọ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó pín aṣọ yìí fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kí ó má ba à dà bí ojúsàájú. Obìnrin tó ń wọ̀ ọ́ ló fi ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó ṣe ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀, ìtàn èbúté náà sì wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ ohunkóhun sí àyà. Nígbà tí ó dé ojú títì kánífà, wọ́n fẹ síkẹ́ẹ̀tì náà lójú sí i, kí ó lè ràn bí agboòrùn nígbà tí ìyá náà bá ń pòòyì.

Àpẹẹrẹ kejì dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ, nítorí pé kò náni lówó. Ní Salvador kan náà, lọ́dún 1949, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kó ẹrù ní èbúté dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Filhos de Gandhy, Àwọn Ọmọ Gandhi. Wọ́n fi bọlá fún Mahatma Gandhi, aṣáájú òmìnira Íńdíà, tí wọ́n pa ní oṣù kìíní ọdún 1948. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n wé táwẹ̀lì funfun mọ́ orí bíi láwàní, wọ́n sì fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti búlúù sọ́rùn. Funfun náà jẹ́ ti Òrìṣàńlá. Ìlù tí wọ́n sì ń bá rìn títí di òní, ijexá ni wọ́n ń pè é, kò sì sí Yorùbá tí kò ní gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀ṣà nínú rẹ̀. Ẹ tún ronú sí táwẹ̀lì yẹn díẹ̀. Nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè fà yọ láti balùwẹ̀ ilé rẹ̀ ni, síbẹ̀ nígbà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin bá wé e lẹ́ẹ̀kan náà, Íńdíà, Yorùbá àti èbúté Brazil jókòó pọ̀ sórí wọn. Ká ní wọ́n ti gbìyànjú láti rán aṣọ ọmọ ọba Íńdíà ni, pẹ̀lú wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà, ẹnikẹ́ni ì bá ti rán an níbi gbogbo láyé.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbé àwòrán méjèèje sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ohun tí ọwọ́ gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí kàn? Kí ó jẹ́ ohun tí a lè dì mú, má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ “ìṣọ̀kan” tàbí “àlàáfíà”, nítorí pé a kò lè gé ìṣọ̀kan ní sísọ́ọ̀sì. Ẹ ti sọ fún mi pé apẹja ni onílẹ̀, pé ọkọ̀ ojú omi ló sì kó àwọn yòókù dé. Ó dára. Èmi yóò mú okùn. Apẹja fi okùn hun àwọ̀n, atukọ̀ fi ta ìgbòkun, alárù fi di ẹrù, oníṣòwò fi so ẹrù tirẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹni tí wọ́n sì kó dé ní tipátipá mọ okùn ní ọ̀nà mìíràn tí a kò gbọ́dọ̀ díbọ́n pé a kò mọ̀.

Ní báyìí tí ẹ ti ní okùn, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe mú odindi aṣọ lọ́wọ́ wọn. Ọgbọ́n ọwọ́ wọn ni kí ẹ mú: bí wọ́n ṣe ń ta kókó, bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ, bí wọ́n ṣe ń di irun, bí wọ́n ṣe ń gbé ìró sí ìbàdí. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀kan fún yín. Okùn òwú funfun tó nípọn tó ìka àtàǹpàkò la ó fi yí ìbàdí po lẹ́ẹ̀mẹta, tí a ó sì fi kókó àwọn atukọ̀ dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí orí okùn méjèèjì máa jù sí itan bí ẹni náà bá ń jó. Láti ara okùn yẹn ni àwọ̀n yóò ti sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún, àwọ̀n apẹja gidi, tí a rẹ sínú aró. Ní ojúkójú kókó àwọ̀n náà ni a ó rán dígí wẹ́wẹ́ mọ́, lọ́nà tí àwọn aránṣọ Gujarat ní Íńdíà ń gbà rán an, tí òwú yí etí dígí ká tí ó sì dì í mú láìsí gọ́ọ̀mù. Bí oòrùn bá bá a, yóò máa ṣẹ́jú bí ìpẹ́ ẹja. Lókè, ọ̀já aṣọ tóóró tóóró la ó fi hun àyà àti ẹ̀yìn, bí ẹní, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn. Ẹ wò ó, ẹ̀yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti wà lára aṣọ kan, kò sì sí èyí tí a lè yọ kúrò tí aṣọ náà kò ní tú.

Kò pọn dandan kí gbogbo méjèèje wà lára ènìyàn kan, ó sì sàn kí wọ́n má ṣe sí i. Aṣọ tó bá fẹ́ dárúkọ gbogbo ènìyàn máa ń ṣe bí alága ìnáwó tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀. Ẹ pín ọgọ́ta yín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, kí okùn wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ìyókù sì máa yí padà láti ọ̀wọ́ dé ọ̀wọ́.

Ohun kan tún wà tí àwòrán yín kò ní, ìyẹn ni ojú tí ìlú fi ń wo àlejò. Àwọn ará Trinidad, erékùṣù kan ní Karibíánì, mọ èyí dunjú. Atukọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà máa ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà kan rí ní Port of Spain, olú ìlú wọn, wọ́n á mutí yó, wọ́n á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ kiri. Àwọn ará ìlú wo aṣọ funfun wọn àti ìrìn wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di eré. Nígbà tó yá, atukọ̀ lásán di atukọ̀ ológe tó gbé ẹja tàbí ẹyẹ ńlá lérí, tó ń da pàúdà sí òǹwòran lára. Ọ̀kan tún wà nínú wọn tó ń ṣe bí ẹni tí ń koná ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tó mú irin gígùn tí a fi ń ru èédú dání, tí ijó rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ìkoná náà gan-an. Àwọn ọ̀gá oko tí wọ́n jẹ́ Faransé kò bọ́ nínú rẹ̀: Dame Lorraine ni obìnrin tí wọ́n fi aṣọ dí ìdí àti àyà rẹ̀ gàdàgbà láti fi ṣe ẹlẹ́yà ìyàwó wọn. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá ni, ológun ni, ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹ lè fi irú wọn dápàárá bó ṣe wù yín. Bí ẹ bá wá fi ìrìn tàbí ojú àwọn tí ìlú fìyà jẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀gàn ni yóò jáde, aṣọ tó dára kò sì lè bò ó mọ́lẹ̀.

Nípa ìyà yẹn, mo rí i pé ẹ fò ó. Àwòrán méjèèje ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìlú tí ẹ̀yà púpọ̀ kọ́ kì í ṣe ìlú tí gbogbo wọn fínnúfíndọ̀ wá. Nígbà oko ẹrú ní Trinidad, bí iná bá mú oko ìrèké, wọ́n á kó àwọn ẹrú jọ lóru pẹ̀lú ìtùfù láti gé e kí ó tó bàjẹ́. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1838, àwọn ènìyàn náà gan-an mú ìtùfù àti ìlù, wọ́n fi iṣẹ́ ìyà yẹn ṣe ìtò ní ìgboro, wọ́n sì pè é ní Canboulay, láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí ìrèké tó jóná. Nígbà tí ọlọ́pàá fẹ́ dá a dúró lọ́dún 1881, ìjà ńlá ló bẹ́ sílẹ̀. Aṣọ yín lè ru irú nǹkan báyìí láìsọ ayọ̀ ọjọ́ náà di ọ̀fọ̀. Okùn tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ èyí tí ọ̀wọ́ kan fi ń di ara wọn pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà, tí wọ́n á tú ní ìdajì ọ̀nà, tí wọ́n á sì máa jù ú sókè jó. Kò gba aṣọ kejì, kò sì gba àlàyé kankan láti ẹnu olóhùn gooro.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àṣẹ. Nínú àwòrán kẹta yín, ẹ lo agọ̀ kan tí mo fura pé ti ìsìn ni. Ẹ lọ bá àwọn tó ni ín, kì í ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì mú àwòrán náà dání. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń wọ̀ fún ọlọ́run wọn, ohun tí wọ́n ń wọ̀ fún òkú wọn, àti ohun tí wọ́n ń wọ̀ fún fàájì. Fàájì nìkan ni tiwa. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má ṣe é, ẹ má bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bi wọ́n ní ohun mìíràn tí wọ́n á fẹ́ kí ìlú rí. Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn sábà máa ń dára ju ohun tí a fẹ́ mú tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan wà ní New Orleans, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń múra bí ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ Mardi Gras, ìyẹn ọjọ́ kánífà wọn, tí wọ́n sì ń sọ pé ọpẹ́ ni àwọn fi ń dá fún ìrànwọ́ tí àwọn onílẹ̀ ṣe fún ẹrú tó sá lọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń jókòó fi abẹ́rẹ́ rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, aṣọ tuntun ni lọ́dọọdún, òmíràn nínú wọn sì ń wúwo ju kílò 45 lọ. Mi ò ní kí ẹ ṣe bíi tiwọn. Mo kàn ń sọ pé wákàtí tí ènìyàn lò lórí abẹ́rẹ́ máa ń hàn lára aṣọ, àwọn tó ni àṣà náà sì máa ń rí i kíákíá ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ara tí yóò gbé aṣọ náà. Gbogbo àwòrán yín ló dúró gbọọrọ, wọ́n kọjú síwájú, ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kánífà kì í dúró báyẹn. Òǹwòran yóò rí i láti mítà mẹ́wàá, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti ẹ̀yìn, láàárín orí ènìyàn. Ẹ kun àwòrán náà ní dúdú pátá bí òjìji, kí ẹ sì bi ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà ohun tó rí. Bí òjìji kò bá sọ̀rọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kò lè bá a sọ ọ́. Peter Minshall, ọmọ tí wọ́n bí ní Guyana tí ó dàgbà sí Trinidad, tó sì wà lára àwọn tó ṣètò ayẹyẹ ìṣíde Òlíḿpíìkì ní Barcelona lọ́dún 1992 àti ní Atlanta lọ́dún 1996, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lọ́dún 1974 nípa aṣọ ẹyẹ akùnyùnmù tí ó ṣe fún ọmọbìnrin kan: ìyẹ́ rẹ̀ ńlá ń gbéra nígbà tí ọmọ náà bá ń jó, tí ó fi dà bí ẹni pé aṣọ àti ènìyàn ní egungun kan náà. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa aṣọ kánífà ni ohun tí yóò ṣe bí orúnkún bá tẹ̀.

Nípa ìwọ̀n, òfin tèmi ni pé ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ lásán bá gbé lé orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Ọba àti ayaba ọ̀wọ́ nìkan ló lè jìyà jù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní láti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá ga lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí férémù rẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ sí ìbàdí, nítorí pé ẹrù kì í pẹ́ sú èjìká. Ẹ fi wáyà tàbí ọ̀pá fíbà tó ń tẹ̀ ṣe é, kí afẹ́fẹ́ lè gbá a padà sẹ́yìn láìṣẹ́ ẹ. Gọ́ọ̀mù gbígbóná dára fún ohun wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán máa ń rọ̀ ọ́, nítorí náà gbogbo ibi tó bá ru ẹrù, abẹ́rẹ́ tàbí wáyà ni kí ẹ fi dì í. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ ronú nípa ilé ìtura, nítorí pé ẹni tó wọ aṣọ fún wákàtí mẹ́fà yóò lọ síbẹ̀, kò sì yẹ kí ènìyàn mẹ́ta tẹ̀ lé e lọ tú u. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú. Mo kan férémù kan rí nínú gbọ̀ngàn, ó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, inú gbogbo wa dùn sí i. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìjáde ni a tó rí i pé ilẹ̀kùn kò tó mítà méjì. Ayùn ni a fi gé ayaba wa sí méjì, a sì fi wáyà so ó pọ̀ ní ìta, ó ń mì láti àárín títí di alẹ́.

Àwọ̀ ni mo fẹ́ fi parí, nítorí pé ibẹ̀ ni àsíà ti máa ń yọ́ wọlé. Àwọ̀ mọ́kànlélógún ni mo kà nínú iṣẹ́ yín, mẹ́ta mẹ́ta láti ara àsíà méje. Kò sí ojú tó lè gbà wọ́n. Ẹgbẹ́ Ilê Aiyê ní Salvador, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1974, ń lo pupa, yẹ́lò, dúdú àti funfun lọ́dọọdún, bí àkòrí wọn tilẹ̀ ń yí padà, ẹnikẹ́ni sì mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń bọ̀ láti ìkángun òpópónà. Ẹ mú àwọ̀ mẹ́rin láti ara ìlú fúnra rẹ̀: àwọ̀ omi èbúté ní òwúrọ̀, irin ọkọ̀ tó ti dípẹtà, ògiri ilé àtijọ́, okùn tí oòrùn ti pa láró. Ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì gbé fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ aláṣọ, kí ẹ má ṣe gbára lé ojú kọ̀ǹpútà.

Ẹ má ṣe sọ àwòrán méjèèje nù. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé wọn sí wẹ́wẹ́: ọwọ́ ẹ̀wù kan, etí ìró kan, ọ̀nà ìwérí kan. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ẹ gbé okùn sí àárín, ẹ wá to ohun tó bá kan okùn náà, kí ìyókù dúró de ọdún mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ rán ẹyọ kan péré. Ẹ fi aṣọ tó pọ́ọ́kú rán an, kí ẹni tó sanra jù nínú ẹgbẹ́ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹni tó tínrín jù wọ̀ ọ́, kí wọ́n fi rìn fún wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn pẹ̀lú ìlù, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti ìwé. Ibi tó bá ya, ibi tó bá gún wọn, ibi tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ tún ṣe lemọ́lemọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni kí ẹ pe alága yín, kí ó dúró ní òdìkejì títì, kí ó sì wò ó láti ibẹ̀.